Kámẹ́rà bàbá mi ṣì ní fíìmù nínú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

ỌmọOnífọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní Iléṣà títí di 1988 tí ó ti ilé iṣẹ́ náà pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá mi ní kí n wá kó ẹrù inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni mo bá Yashica-Mat kan níbẹ̀, irú àwọn kámẹ́rà tó ní ojú méjì lórí ara wọn. Inú àpò aláwọ ló wà, awọ náà sì ti hu funfun. Mo tún bá bébà fíìmù kan tí wọ́n ti ya, wọ́n kọ Kodak Verichrome Pan 120 sí i lára.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà dúró sórí 7. Mo fẹ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé fíìmù ló wà nínú rẹ̀? Ṣé àwòrán kankan lè ṣẹ́kù síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó lé ní 35? Fóònù ni mo mọ̀ ọ́n lò, mi ò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí èyí bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó wù mí kí n máa lò ó.

BàbáYàráÒkùnkùn

Bá mi kí ìyàwó rẹ, ó gba iṣẹ́ là. MÁ ṢÍ I.

Tí wọ́n bá ti ṣí ẹ̀yìn Yashica-Mat, nọ́ńbà rẹ̀ a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì wà lórí 7, kò sí ẹni tó ṣí i láti ìgbà tí bàbá rẹ ti gbé e kalẹ̀. Fíìmù 120 máa ń gba àwòrán 12 nínú kámẹ́rà yẹn. Rọra yí ọwọ́ tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀. Bó bá gbà, bàbá rẹ ti ya 7 kó tó gbé e sílẹ̀, ó kàn kù kó yí i lọ sí 8 ni. Bí kò bá gbà, 7 ṣì wà ní yíyà. Má fi agbára yí i o.

Ní ti pé bóyá nǹkan ṣẹ́kù: Verichrome Pan kì í ṣe fíìmù kékeré. Kodak kò ṣe é mọ́ láti 2002, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń lò ó, a mọ̀ ọ́n sí fíìmù tó máa ń di àwòrán mú sínú. Àwọn kan ti fọ èyí tó ti pẹ́ ju tìrẹ lọ, ojú ènìyàn sì jáde. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sàn ju orí àjà lọ.

Àdùkẹ́NíPeckham

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Bàbá. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ fíìmù aláwọ̀. Fíìmù dúdú-funfun ni. Omi tí wọ́n ń pè ní C-41 a máa bó fàdákà ara fíìmù dànù, fàdákà yẹn gan-an sì ni àwòrán wà. Bó ṣe ṣe mí rèé. Mo ya HP5, fíìmù dúdú-funfun kan, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e fún ṣọ́ọ̀bù kan níhìn-ín, wọ́n sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ aláwọ̀. Rọ́bà lásán ni wọ́n dá padà fún mi, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Ọmọ yẹn ti wọ ilé ìwé báyìí, n kò ní fọ́tò ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ kankan.

Bí ẹ bá sì ń gbèrò láti gbé e kọjá pápákọ̀ òfurufú, ẹ má fi sínú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù abẹ́ wò lágbára jù. Àwọn pápákọ̀ kan ti ń lo ẹ̀rọ CT fún báàgì ọwọ́ pàápàá, ìgbà kan ṣoṣo tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ kó fíìmù sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tètè débẹ̀ o, torí wọn kì í fẹ́ kí wọ́n kán àwọn lójú.

Atúnkámẹ́ràṣe

Èmi ní tèmi, kámẹ́rà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ fi fíìmù fún Bàbá.

Lónìí yìí, ẹ bọ́ àpò aláwọ yẹn kúrò lára rẹ̀. Awọ máa ń mu omi, olú a sì hù lára rẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò ti rìn wọ inú lẹ́ńsì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Bí ẹ bá rí ohun kan bí òwú aláǹtakùn tó tàn kálẹ̀ nínú gíláàsì, ó ti bu nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lásán ló wà, ẹ ṣì lè lò ó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ike onídèérí tó dì dáadáa, kí ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun síbẹ̀, kámẹ́rà á wà láàárín wọn. Tí òjò bá dé, kí ẹ máa gbé e jáde síbi atẹ́gùn lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò, eruku rẹ̀ ni yóò kún inú kámẹ́rà yín.

Ìkejì: lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, apá kékeré kan wà tí wọ́n kọ M, X, V sí. V ni èyí tó máa ń ka àsìkò kó tó ya, kí onífọ́tò lè sáré wọ inú àwòrán. Nínú kámẹ́rà tó ti sùn tó báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń há. Ẹ jẹ́ kó wà ní X, ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìkẹta, ẹ má ta epo sí i! Oníbàárà mi kan rí i pé ṣọ́tà, ìyẹn abẹ tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ń lọ́ra, ó sì mú epo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Abẹ ṣọ́tà yẹn tín-ín-rín ju bébà lọ, gbígbẹ ló máa ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi nu epo náà kúrò, owó tó san fún mi sì tó ra kámẹ́rà mìíràn.

ỌmọOnífọ́tò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ kú àánú. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ó gbà, ó rọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ìlẹ̀kùn fìríìjì tuntun, ó sì dúró sórí 8. A jẹ́ pé méje ni bàbá mi yà. Ó wá ku márùn-ún. Ṣé kí n yà á tán ni, àbí kí n kàn yí i dópin?

ÌyáKọfí

Ẹ má yà á. Ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́ńsì, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa yí i lọ títí yóò fi tán. Fíìmù tó ti pẹ́ kò ní agbára mọ́, ohun tí ẹ bá yà síbẹ̀ lè má jáde, ọkàn yín á sì bàjẹ́ lórí ti bàbá yín náà.

BàbáYàráÒkùnkùn

Ìyá Kọfí, ẹ dákun, mo takò yín. Àwòrán tó kù kò lè ba àwọn tó ti wà níbẹ̀ jẹ́, àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Onífọ́tò tó ya méje lórí fíìmù tó ń gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

ÌyáKọfí

Bàbá, méjìlá ni 😂

BàbáYàráÒkùnkùn

Mo rò ó sí ti kámẹ́rà mìíràn. Ọjọ́ orí ni.

Ọmọ mi, fi nọ́ńbà 8 dán ṣọ́tà wò, bo lẹ́ńsì ìsàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́, kí o gbọ́ bó ṣe dún. Bó bá dún ṣákí, ya mẹ́rin tó kù. Nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù yẹn ṣe ń tètè mu ìmọ́lẹ̀ tó ni 125, ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣe bí ẹni pé 25 ni. Nínú oòrùn gbangba, 1/125 ní f/8, kódà f/5.6. Ojú ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ yà.

Kí n tó gbàgbé: bí o bá wo inú rẹ̀ láti òkè, ọ̀tún á di òsì. Ọmọ tó ń sá lọ sápá ọ̀tún, lójú rẹ, òsì ló ń sá lọ. Gbogbo wa la kọ́kọ́ fi kámẹ́rà lé ènìyàn lọ síbi tí kò lọ. Ìgbà tó bá dúró ni kí o kọ́kọ́ yà á.

ỌmọOnífọ́tò

Ẹ jọ̀ọ́ sà, f/8, 1/125, kí ni wọ́n?

BàbáYàráÒkùnkùn

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Jókòó.

f yẹn ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré: f/16 kéré, f/4 fẹ̀. 1/125 ni àsìkò tí ṣọ́tà fi ṣí, ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹni ń pọn omi ni: ẹnu páìpù tó fẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí èyí tó tín-ín-rín fún ìgbà pípẹ́, kí kèrègbè ṣáà kún.

Kámẹ́rà bàbá rẹ kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Òjìji rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí oòrùn ràn, tí òjìji rẹ dúdú, tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, fi ihò sí f/16, kí ìyára ṣọ́tà bá nọ́ńbà fíìmù dọ́gba: fíìmù 100 tàbí 125, 1/125 ni, fíìmù 400, 1/500. Bí etí òjìji bá ń rọ̀, f/11. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, f/8. Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, f/5.6 tàbí 4. Nígbà ọyẹ́, má wo ojú ọ̀run rárá, ẹlẹ́tàn ni. Á funfun báláú, wàá rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Wo ilẹ̀. Bí o kò bá rí òjìji rẹ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bínú sí nínú fọ́tò ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ti inú kámẹ́rà tàbí ti fóònù, gbà pé bí eérú ni gbogbo nǹkan láyé ṣe rí. Gbé e kọjú sí ìyàwó tó wọ léèsì funfun, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, kí o dí ihò. O dí i. Léèsì á jáde bí eérú, ojú ìyàwó á di èédú. Sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ni kí o wọ̀n, tàbí kí o wọn ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ bí àwọ̀ yín bá jọra. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ o, àtẹ́lẹwọ́ wa mọ́ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bí ọkàn rẹ bá pín sí méjì, fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Nẹ́gátíìfù máa ń fara da àpọ̀jù. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé ojú ènìyàn, rọ́bà ló wà níbẹ̀, kò sí onífọ́tò tó lè tẹ rọ́bà jáde.

Atúnkámẹ́ràṣe

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń pa àwọn tó ra kámẹ́rà 1960 sí 1970 tó ń lo bátìrì. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún bátìrì mẹ́kúrì PX625, 1.35 fóltì. Wọn kò ṣe é mọ́ nítorí májèlé. Ẹ̀yin ki LR44 bọ̀ ọ́, 1.5 fóltì. Bátìrì tó lágbára jù á mú kí ẹ̀rọ rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ojú gbogbo ènìyàn á ṣókùnkùn, ẹ ó sì máa bú fíìmù. Ẹ lo bátìrì 675 tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń rà, 1.4 ni, ó súnmọ́ ọn. Ó máa ń tètè kú ṣá, ní kété tí ẹ bá ti ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

FóònùTiTó

Ẹ má bínú o, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Àwòrán 12, ẹ ó ra fíìmù, ẹ ó ra omi, ẹ ó máa wo òjìji lórí ilẹ̀. Fóònù mi ya 40 kí n tó ka ìfìwéránṣẹ́ Bàbá tán.

Àdùkẹ́NíPeckham

Ẹ kò purọ́, ó wọ́n. Ẹni tí owó fíìmù ń dùn kó wá kámẹ́rà tó ń pín àyè kan sí méjì, bíi Olympus Pen tó jáde ní 1959, tàbí Pentax 17 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní 2024. Fíìmù 36 á fún yín ní 72. Èmi ń lo Pen. Ó pẹ́ kó tó tán débi pé tí mo bá fọ̀ ọ́, Kérésìmesì àti Ọdún Àjíǹde wà lórí fíìmù kan náà, mo ti gbàgbé ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo 35mm, ọ̀rọ̀ kan: tí ẹ bá ti ki fíìmù bọ̀ ọ́ tán, ẹ máa wo kókó kékeré apá òsì tí a fi ń yí i padà. Bí ẹ ṣe ń fa apá ọ̀tún ló yẹ kí tòsì náà máa yí. Bí kò bá yí, fíìmù kò dì mọ́ ibi kankan, atẹ́gùn ni ẹ ń yà. Àti pé ẹ ṣí ìdérí lẹ́ńsì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nínú kámẹ́rà tí ihò ìwòran rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ ó máa rí ayé dáadáa tí ìdérí á sì wà lójú lẹ́ńsì. Mo ya gbogbo àwọn tó jó ní Notting Hill lọ́dún kan báyẹn.

ỌmọYunifásítì_Ìbàdàn

Holga ni mo ní, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ike, lẹ́ńsì pàápàá. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń já bọ́ láìbéèrè, nítorí náà mo máa ń fi téèpù dúdú wé e. Fíìmù 400 ni kí ẹ lò, ìta gbangba, kí ẹ má retí pé igun àwòrán á mọ́. Kò sí ohun tó ń dá a dúró kó má ya ẹ̀ẹ̀mejì lórí àyè kan. Mo ti ya Òkè Màpó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi nínú ikùn rẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

ỌmọOnífọ́tò

Mo ti ya mẹ́rin tó kù. Ìyá mi méjì, ilé wa ọ̀kan, èyí tó gbẹ̀yìn nígbà tí àwọn ọmọ ń fa ọwọ́ mi. Mo yí i títí ó fi tú, mo yọ ọ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, mo fi bébà rẹ̀ dì í, ó wà nínú fìríìjì. Báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?

ÌyáKọfí

Ẹ má fi ti bàbá yín kọ́ṣẹ́. Ẹ ra fíìmù méjì mìíràn, ẹ yà wọ́n, ẹ fi kọ́wọ́. Èmi máa ń fi kọfí fọ̀ ọ́, orúkọ mi kọ́ ni mo fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Caffenol ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbé e jáde ní Rochester Institute of Technology, Amẹ́ríkà, ní 1995. Fún omi lítà kan: sódà ìfọṣọ tó gbẹ, gíráàmù 54; èròjà fítámì C, gíráàmù 16; kọfí oníyẹ̀fun olówó pọ́ọ́kú, gíráàmù 40. Sódà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ́, kó tútù, kí ẹ tó da fítámì C, kọfí ló gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú 15 bí omi bá jẹ́ 20°C. Òórùn rẹ̀ burú jọjọ, ọkọ mi ti lé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Háípò, omi tó ń mú kí àwòrán dúró, ni ẹ ó fi parí rẹ̀, kọfí kò lè ṣe ìyẹn.

ỌmọYunifásítì_Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé káún ò lè rọ́pò sódà?

ÌyáKọfí

Káún ní sódà nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọjà kan kì í rí bíi ti òmíràn, iyẹ̀pẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Fi se ewédú rẹ jẹ́jẹ́.

BàbáYàráÒkùnkùn

Gbogbo ìwé ń sọ 20°C. Ẹ fi ọwọ́ kan omi ẹ̀rọ ilé yín ná. 28 ni, nígbà mìíràn 30. Bí ìwé bá ní ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ ní 20, ní 24 kò ní ju bí 5 lọ. Tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀, ó ń yára débi pé ìdajì àwòrán á dúdú kí ìdajì tó bẹ̀rẹ̀. Ra omi inú ọ̀rá tó dì, kó o sínú garawa, gbé ìgò dẹfẹ́lọ́pà, omi tó ń mú àwòrán jáde, àti tánkì tí a ń fọ fíìmù nínú rẹ̀ sáàárín wọn. Má ju yìnyín sínú dẹfẹ́lọ́pà fúnra rẹ̀, á di omi lásán. Dà á, mi tánkì fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Fún ti bàbá rẹ, HC-110 ni kí o lò, kì í jẹ́ kí ìkùukùu ọjọ́ orí pọ̀ lójú fíìmù. Ìgò kan wà lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, omi yẹn kì í tètè bàjẹ́. Wá gbà á. Kọ́kọ́ fi omi tútù rẹ fíìmù náà kí o tó dẹfẹ́lọ́pà. Omi tó máa jáde á ní àwọ̀, má bẹ̀rù, kì í ṣe àwòrán ló ń ṣàn lọ. Yóò sì ká lọ́wọ́ rẹ bí ẹní tí wọ́n ti ká láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú òkùnkùn, má bínú sí i. Jókòó, mí, tún bẹ̀rẹ̀.

ỌmọOnífọ́tò

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo fọ méjì fi kọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra, ìkejì dára. Lálẹ́ àná ni mo fọ ti bàbá mi. Ó gba mí ní ogójì ìṣẹ́jú kí n tó lè kì í sínú ríìlì tó ń di fíìmù mú nínú tánkì, òógùn ń kán sí mi lójú. Omi àkọ́kọ́ jáde bí omi aró. Nígbà tí mo ṣí tánkì, mo rò pé mo ti bà á jẹ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ṣú bí eérú. Mo gbé e sí iwájú gílóòbù.

Mo rí ènìyàn.

Nọ́ńbà 1 sí 3, obìnrin kan ni, ó jókòó, ọwọ́ lórí eékún, ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú síwájú. Nọ́ńbà ẹ̀yìn bébà fíìmù ti tẹ̀ mọ́ ọn lára, 3 wà níwájú orí rẹ̀ gan-an bí ilà. 6 àti 7, ọkùnrin onífìlà kan. Ti èmi, 8 ṣófo bó ṣe yẹ, ilé àti ìyá mi jáde, wọ́n rí bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́, èyí tí àwọn ọmọ fà lọ́wọ́ mi kò jáde dáadáa.

4 àti 5 ló rú mi lójú. Ọmọ kan náà ni. Lórí 4, ó jókòó sí apá ọ̀tún àga gígùn, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Lórí 5, apá òsì ló wà, ìró ló ró, wọ́n wé gèlè kékeré fún un. Nínú méjèèjì, ìdajì àga ṣófo. Ṣé bàbá mi ṣe àṣìṣe ni? Ìyá mi ní òun kò dá ọmọ náà mọ̀.

BàbáYàráÒkùnkùn

Bàbá rẹ kò ṣe àṣìṣe.

Ìbejì ni. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọ̀kan ti lọ. Àwọn òbí á mú èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wọ aṣọ tirẹ̀ fún un, a ó yà á. Wọ́n á wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún un, a ó tún yà á. Nínú yàrá òkùnkùn, mo máa ń fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, mo tẹ 4 sí ọ̀tún. Mo yí páálí, mo tẹ 5 sí òsì. Àwọn ọmọ méjì á jókòó lórí àga kan. Ibi tí páálí bá ti pàdé, ìlà tín-ín-rín kan máa ń wà. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń fi pẹ́ńsù pa á rẹ́. Nílé àwọn mìíràn, fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé sípò ère ìbejì.

Èyí tí bàbá rẹ yà kò dé yàrá òkùnkùn. Wọn kò rí i gbà.

ỌmọOnífọ́tò

Sà, mo ti ń wo àwọn ìwé àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ka èyí. 1988, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Orúkọ mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi tẹ̀ ẹ́?

BàbáYàráÒkùnkùn

Bébà kù sínú páálí kan lọ́dọ̀ mi. Mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mú ìwé oníbàárà náà dání. Tí o bá ń gé nẹ́gátíìfù, mẹ́ta mẹ́ta ni kí o gé e: 1 sí 3, 4 sí 6. Má gé 4 àti 5 kúrò lára ara wọn.